Ìdí Tí Mi Ò Fi Gba Ọmọ Rẹ Síṣẹ́

                                        Ilé-Iṣẹ́ Àga àti Tábìlì,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Reluwé.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti padà sídìí ọkọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má fi agídí wakọ̀ o, ìwọ tí kì í gbọ́ ti dókítà. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi eruku pákó tí kò jẹ́ kí ikọ́ fi mí sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ìyàwó rẹ ti pe tèmi, ó ní o sọ pé ọ̀rẹ́ tó dé ipò ọ̀gá tí kò lè ṣe ọmọ ẹni lóore, ọ̀tá ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Èmi ni mo dán ọmọ wa wò, èmi náà ni mo sì ní ká má tíì gbà á.

Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dára, òun ló gba ipò kìíní nílé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́. Mo ti ń fọ́nnu fún gbogbo ará ibi iṣẹ́ pé ọmọ mi nìyẹn. Mo bi í ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ tó ń la pákó, ó kà wọ́n bí ẹni ń ka ABD. Ó yà á sórí pépà, ó jọ ọ́ gan-an. Mo wá ní kó tan ẹ̀rọ náà, kó la pákó kékeré kan fún mi. Ó tàn án. Àfi bó ṣe fi ọwọ́ lásán ti pákó náà lọ síbi tí ayùn ti ń yí, bíi pé ó ń ti àpótí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré pa iná.

Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, ó ní àwọn ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Ó wà nílé-ìwé wọn o, tuntun ni, ṣùgbọ́n tapólì ni wọ́n fi bò ó. Bí àwọn alábẹ̀wò ìjọba bá ń bọ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á nù ún kó máa dán, wọ́n á tún bò ó padà. Ojú pátákó làwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ dorin. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìdí tí mo fi kọ̀ nìyẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní bí àwọn ọmọ bá ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ta ni yóò ra òmíràn? Mo ní, "Ẹ ti tọ́jú ẹ̀rọ, sà. Ta ló wá ń tọ́jú àwọn ọmọ?"

Ìyá tó ni ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ fẹ iṣẹ́ lójú, torí àwọn ará òkè òkun ti ń béèrè àga wa. Ọmọ ìlú ló fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wá láti ilé-ìwé yẹn, bákan náà ni wọ́n ṣe. Ó ní bí òun ò bá rí ẹni tó mọṣẹ́, òun á gbé àwọn ẹ̀rọ tuntun tí òun fẹ́ rà lọ sí ìlú tí àwọn tó mọṣẹ́ wà. Bí orílẹ̀-èdè ṣe ń tòṣì nìyí, ọ̀rẹ́ mi. Ilé-ìwé pọ̀, ìwé ẹ̀rí pọ̀, síbẹ̀ àga tí ẹlòmíì fi igi wa kàn la ń rà jókòó.

Mo bẹ ìyá náà, ó sì gbà kí àwọn ọmọ máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa kọ̀. Ó ní ẹni tó gba ipò kìíní kì í tún padà di ọmọṣẹ́, àti pé bàbá òun ò ní gbà. Jọ̀ọ́, bá mi bá a sọ̀rọ̀, tìrẹ nìkan ni yóò gbọ́. Bí ibẹ̀ bá kún, wọn ò ní dúró dè é.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Bó o bá fẹ́ bínú sí mi, máa bínú, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ lónìí, wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Ìka rẹ̀ pé.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní tàn ọ́,
                                        Bàbá Onípákó.