Olóògbé Gbọ́lágadé Akínfẹ́nwá àti Kànga Ààfin Rautenfels

Ìkìrun ni wọ́n ti bí Olóògbé Gbọ́lágadé Akínfẹ́nwá, ní ọdún 1948 tàbí 1949. Ìyá rẹ̀, Màmá Àsàmáù, a máa sọ ọ̀kan lónìí, a sì sọ èkejì lọ́la. Bàbá rẹ̀ ni Pa Akínfẹ́nwá, kápẹ́ńtà tó kan ìjókòó ilé ìjọsìn wọn.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ló kà. Bí a bá rántí dáadáa, 1976 ló lọ sí Jámánì, tí wọ́n ní kó ṣèwádìí lórí ilẹ̀ ìjòyè kékeré kan tó ń jẹ́ Rautenfels. Ilẹ̀ náà kéré débi pé ẹni tó bá jẹun àárọ̀ tán lè rìn ín já kó tó dọ̀sán. Kò yé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ohun tí ọmọ Ìkìrun ń wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Konrad àkọ́bí àti àwọn àbúrò rẹ̀ tó pín ààfin baba wọn níbẹ̀, ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó fẹ́ Yétúndé ní 1980, wọ́n bí Lékan. Yétúndé ṣaláìsí ní 1997. Ní 1999 iṣẹ́ olùkọ́ gbé olóògbé wá sí Rumuolumeni, létí omi ìhà gúúsù yìí, ó sì kọ́lé síbẹ̀. Ní 2001 ó fẹ́ Ibiere, ọmọ Amadi-Ama tí kò jìnnà síbẹ̀, tó bí Sotonye, Ìkẹ́olúwa àti Ìmọ́lẹ̀ fún un. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Nígbà tí omi wọ́n ládùúgbò, kò ti géètì rẹ̀; níbi kànga ẹ̀rọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń pọnmi.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 2023, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dàrú. A kì í mọ ìgbà tó ń sọ ti Jámánì, a kì í mọ ìgbà tó ń sọ ti ilé. Àwa ẹbí tó ti pẹ́ lókè òkun, orí fóònù la ti ń gbọ́ pé ilé ti fẹ́ dà rú. Lékan ní ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ilé bàbá wọn: ìdajì fún ọmọ Yétúndé, ìdajì fún àwọn ọmọ Ibiere. Sotonye ní rárá o, orí-ò-jorí ni, kí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ọgbọọgba. Lékan tilẹ̀ ti kó búlọ́ọ̀kù wálé láti fi mọ ògiri sáàárín ọgbà.

Lọ́jọ́ kan olóògbé lajú, ó ní, "Ti Konrad ni apá kànga."

"Ẹ gbọ́ o!" ni Lékan wí. "Èmi àkọ́bí ni Konrad."

"Bọ̀dá Lékan, abeg," ni Sotonye dáhùn. "Ta ló ń tún ẹ̀rọ yẹn ṣe látọjọ́ yìí? Na me be Konrad."

Ibiere, tó ti gbọ́ ìtàn náà ju ogún ọdún lọ, pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Una dey craze? Ẹ̀ ń bára yín jà nítorí Konrad? Konrad ló ti kànga mọ́ àwọn àbúrò ẹ̀! Òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọ́n ta ìpín wọn fún ọba ńlá ẹ̀gbẹ́ wọn, ọba yẹn lé Konrad náà jáde. Rautenfels don finish!"

Bóyá ìkìlọ̀ ni olóògbé ń ṣe o, bóyá ìtàn ló ń pa, a kò mọ̀ títí dòní. Kò tún sọ ohun tó yé wa mọ́ títí tó fi sùn nínú Olúwa ní 2024.

Lékan kò pe bíríkìlà fún ògiri mọ́. Búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn la fi mọ ibojì tí a ó tẹ́ olóògbé sí lónìí. Òun àti Sotonye ló jọ gbé wọn.

Olóògbé fi aya rẹ̀ Ibiere sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, àti ọmọ-ọmọ méjì, Ayọ̀fẹ́mi àti Tèmiolúwa. A kò tíì pín ilé, a kò sì tíì mọ bí a ó ṣe pín in. Ṣùgbọ́n géètì ṣì wà ní ṣíṣí.

Bí o bá rí Konrad lọ́hùn-ún, sọ fún un pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ nílé wa. Sùn re, ọmọ Àsàmáù.