Ọwọ́ Tí Kò Dúró Jẹ́ẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò fúyẹ́.

Àìsàn Bàbá ti wọ̀ ọ́ lára. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: kí n ya àwòrán òun kí òun tó lọ. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ara ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ya tirẹ̀ rí.

Mo gbé àga rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ bó ṣe kọ́ wa: mo na apá, mo di ojú kan, mo fi pẹ́ńsù wọn orí rẹ̀, orí yẹn ni mo sì fi wọn ìyókù ara. Èjìká àti àyà bọ́ sípò. Ọwọ́ ọ̀tún ló dà á rú. Kí n tó wọn ìka kan, ó ti kúrò níbẹ̀. Bàbá ní, "Pa á rẹ́." Mo tún un yà. "Pa á rẹ́." Ó wá rẹ́rìn-ín: "Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ àwọn tí a ń yà pé kí wọ́n má mira, wá wò mí bí mo ṣe ń gbọ̀n bí ewé."

O rántí ìdí tí o fi pa iṣẹ́ yìí tì. O ní òfin Bàbá kò fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan tirẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo dáwọ́ dúró, mo kàn ń wo ọwọ́ náà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì máa ń padà síbi kan náà lórí orúnkún. Orí náà ni mo ṣì fi ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ibikíbi tí ọwọ́ bá dé ni mo ń fa ìlà tín-ín-rín kan sí, n kò sì pa ọ̀kankan rẹ́. Ibi tó ti ń pẹ́ jù ló dúdú jù.

Bàbá gba bébà náà, ó wò ó pẹ́. Ó gba pẹ́ńsù kó tún un ṣe, bó ti máa ń ṣe sí iṣẹ́ wa, pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Má pa nǹkan kan rẹ́. Fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún àbúrò rẹ. Ó ní kò sí àyè, àyè rèé."

Kí Ẹlẹ́dàá ṣọ́ ilé rẹ, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀nà ilé rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó kọ́kọ́ bá ọ di pẹ́ńsù mú.

Àfikún: Láti àná ni ọwọ́ òsì náà ti ń rọlẹ̀. Mo sọ fún dókítà pé kò gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò bá mi yọ̀. Má jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ kí o tó dé.