Ojú Kì í Wọ Ihò Kọ́kọ́rọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ara tiwa le koko bí ara ọta. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ á dẹ̀ fún ọ. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, rúlà ni mo fi tẹ́ abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan bá gun òmíràn lórí, jọ̀ọ́ bá mi là wọ́n níjà.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ orí mi yọrí, kókó inú ọpọlọ ti jáde tán, àmọ́ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ fara gbá níbẹ̀. Jẹ́ kí n là á yé ọ: ihò kọ́kọ́rọ́ dára, kọ́kọ́rọ́ náà dára, sípíríǹgì inú ni kò gbé e mọ́. Ó ní ó ṣọ̀wọ́n, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ṣe nínú ẹgbẹ̀rún. Odindi ẹgbẹ̀rún èèyàn, èmi ni mo gba ipò kìíní! Bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí.

Fóònù tó ń sọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Mo ń kí obìnrin inú rẹ̀ láràárọ̀, kì í dáhùn, ìyá rẹ ní ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí mi létí, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá, pé kí n ta irinṣẹ́ mi, kí n gbé ṣọ́ọ̀bù fún onígbàjámọ̀ tó ń wá ibi tí yóò gbà, kí n wá jókòó sílé rẹ, pé ẹni tí kò ríran kò lè tún àgádágodo ṣe. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́, ohùn rẹ kọ́ ni mo gbọ́. Kìlọ̀ fún un kó yé dá sọ́rọ̀ ẹbí.

Onígbàjámọ̀ náà wá wọn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó fi mí sílẹ̀ níta, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ kó lè wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí òun yí kọ́kọ́rọ́ wò bóyá ó lágbára, ló bá kán sínú ihò. Ariwo ta! Ajórin òdìkejì títì tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò fún wákàtí kan gbáko, ó ní àfi ká fọ́ ilẹ̀kùn. Mo ní ilẹ̀kùn ta ni? Mo ti wáyà bọ ihò, mo fi etí lé e. Ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ojú mi ò wọ inú àgádágodo rí. Ìka àti etí ló ń wọ ibẹ̀. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ìdajì kọ́kọ́rọ́ tó kán ti bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ilẹ̀kùn ṣí. Onígbàjámọ̀ jáde, òógùn bò ó, ó ní òun ò gba ṣọ́ọ̀bù mọ́, pé bí Bàbá bá lọ, ta ni yóò máa tú àwọn sílẹ̀? Ajórin fúnra rẹ̀ ti gbé àgádágodo méjì wá.

Nítorí náà, fi owó wáyà àti òróró ránṣẹ́. Má fi ti gílóòbù kún un: wọ́n ní ti ṣọ́ọ̀bù ti jó, mi ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó jó.

Ilẹ̀kùn kankan kò ní tì mọ́ ọ. Èyí tó bá sì dán an wò, bàbá rẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ẹni Kìíní nínú Ẹgbẹ̀rún.