Àbẹ̀kẹ́ Ń Túmọ̀ Fíìmù fún Hájíà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sabon Gari ní Kánò níbí. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Mùsá àti ìyàwó wọn, kí ẹ sì kí Àǹtí Sìkírá tí kì í gbé fóònù mi. Ṣé orúnkún yín ti ń fúyẹ́? Ọyẹ́ ti dé sí wa tòun ti eruku. Bí mo bá nu tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, èèyàn ti lè fi ìka kọ orúkọ sí i. Ọjà Singer ni mo ṣì ti ń ra mílíìkì àti ṣúgà tí mò ń tà. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́.

Màámi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní Àbẹ̀kẹ́ ń fi Hausa dá yín lóhùn, pé Kánò ti gba ọmọ lọ́wọ́ yín, àti pé bí wọ́n bá ti gba ọlidé, Bọ̀dá Mùsá yóò wá mú un wálé sí Ọ̀fà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ, nítorí bí èmi gan-an bá bá a sọ Yorùbá, Hausa ló fi ń fèsì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí fíìmù ṣe nínú ilé wa. Ẹ mọ̀ pé ẹnu àwa méjèèjì kì í kò lórí fíìmù. Ti ọba àti ìjòyè lẹ fẹ́ràn. Èmi, ẹni tó bá lè pa mí lẹ́rìn-ín ni tèmi. Àwọn ti ìsinsìnyí tí ìyàwó àti ìyá ọkọ ń pariwo mọ́ra wọn nínú ilé olówó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí ni wọ́n ń fọ́ mi. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ kò ka fíìmù kún. Àpàlà ni tiẹ̀, bó bá sì ti tàn án láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aládùúgbò wa tó jẹ́ Íbò náà á gbé orin ìjọ wọn sókè, ilé á máa mì tìtì. Hájíà Talátù tó ń ta máásà lẹ́nu ọ̀nà wa, ti Íńdíà ló yàn láàyò. Ó mọ orin wọn lórí, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, Hájíà wá jókòó tì wá, fíìmù Yorùbá kan ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ kan tó ti lówó ló sẹ́ ìyá rẹ̀ arúgbó lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Hájíà bi Àbẹ̀kẹ́ pé kí ni ìyá yẹn ń sọ. Ojú tì mí, torí mo rò pé kò ní rí nǹkan kan sọ. Màámi, bó ṣe ń jáde lẹ́nu ìyá náà ni ọmọ yín ń tú u sí Hausa! Nígbà tí ìyá náà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, àyà mi já. Ọmọ tí kò rí òkété rí! Ó ronú díẹ̀, ó ní gáfíyà ni, pé bó bá darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló ń fún un lọ́mú. Hájíà ní kí ló túmọ̀ sí. Ó ní ìyá ti bọ́ ọmọ, ó wá kan ọmọ láti bọ́ ìyá. Hájíà ní wallahi, òótọ́ ni, ó sì fi etí ìborí rẹ̀ nu ojú. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí fíìmù. Ta ló kọ́ ọ? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo rò pé afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, inú ọmọ yìí ni wọ́n ń wọ̀ sí. Ẹnu ṣì ń yà mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nígbà tí fíìmù parí, mo bi í pé kí ló dé tí kì í fi í bá yín sọ Yorùbá. Kaka ló ń pè yín, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Ó ní òun sọ ọ́ rí, Kaka bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá gbọ́ bí òun ṣe ń pè é.

Ẹ má bínú, Màámi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró lọ́dọ̀ mi. Bí a bá ti pè yín, ẹ máa sọ ìtàn fíìmù ọba yín fún un. Bó bá fi Hausa dáhùn, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, ó ń gbọ́ yín. Bó bá sì fi Yorùbá dáhùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹ ti ọmọ ọmọ. Mo kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́tà, ìyá Àbẹ̀kẹ́.