Fíìmù Kalin tí Ognyan Gé

&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;Òpópónà Orlovska,
&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;Gabrovo.
&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2023.

Ralitsa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Boyan ọkọ rẹ ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́? Mo gbọ́ pé ikọ́ tún ń yọ ọ́ lẹ́nu ní Varna, pẹ̀lẹ́ o. Ara gbogbo wa le, inú nìkan ni kò dùn.

Ognyan àbúrò mi ló fà á. O rántí Kalin, àbíkẹ́yìn Ìyá àgbà wa Nevena, tó já bọ́ láti orí ilé tó ń bá wọn kọ́ ní Spain, tó sì kú. Gbogbo fídíò tó fi fóònù ṣe níbẹ̀, tó ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọwọ́ Ognyan ló wà. Nígbà tí dókítà sọ lóṣù kẹta pé ojú Ìyá àgbà ń lọ, pé kò sóògùn, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá: kí Ognyan so wọ́n pọ̀, kí òun lè rí ọmọ òun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n o mọ̀ wá ní Gabrovo, àwa ahun tí à ń gé ìrù ológbò kí ilẹ̀kùn lè tètè padé, kí ooru má bàa jáde. Ognyan kì í ra ohun tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà. Linux ọ̀fẹ́ ló ń lò, ohun tó máa fi gé fíìmù náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí kò bí mi nínú. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ju ẹyọ kan lọ, ló bá gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ẹgbẹ́ wọn, àwọn onírùngbọ̀n tó ń pàdé ní Ọjọ́bọ̀ nílé ìkàwé. Eléyìí ní Kdenlive ló ń gé fíìmù dáadáa jù, tọ̀hún ní Shotcut ni, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ la ìgò ọtí rakia mọ́ra wọn lórí. Ognyan ń gbé èyí, ó ń ju ìyẹn nù, títí ìgbà ooru fi lọ. Mo ní kó fi fídíò náà han obìnrin náà bó ṣe wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Òmùgọ̀ ni, Ralitsa, òmùgọ̀ tó kàwé.

Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, Ìyá àgbà ti ń fọwọ́ wá ṣíbí lórí tábìlì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ni Ognyan tó gbé kọ̀ǹpútà dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó lóyún. Ó gbé fíìmù síwájú afọ́jú. Ìyá àgbà kò bínú. Ó ní, "Etí mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́, kí n gbọ́ ọ."

Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ títí, ó ní, "Ìgbà wo ni Kalin máa sọ̀rọ̀?"

"Màmá àgbà, atẹ́gùn pọ̀ jù nínú ohùn wọn, mo yọ ọ́. Orin yìí dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni."

"Dá a padà."

Kò lè dá a padà. Kọ̀ǹpútà ti kún níbi tó ti ń dán èyí wò tó ń dán tọ̀hún wò, ló bá pa gbogbo fídíò àkọ́kọ́ rẹ́.

Ìyá àgbà na ọwọ́, ó wá ojú Ognyan títí ó fi kàn án. Ó ní, "Kí ọmọ tìrẹ yadi mọ́ ọ lọ́wọ́." Ìyàwó Ognyan dìde, ó jáde. Kò tíì padà sílé ọkọ títí di òní.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Lọ́dún tá a jọ ká èso plum lóko wa, o fi fóònù rẹ ya fídíò Kalin níbi tó ti ń bú ajá. Bó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́ sí mi. Má fi ránṣẹ́ sí Ognyan. Bá mi kí Boyan àtàwọn ọmọ. Ìyá àgbà kí ọ. Ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ èébú ajá nìkan ló wà níbẹ̀, òun fẹ́ gbọ́ ọ.

&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;Èmi ni tìrẹ tí inú ń bí,
&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;&emsp;Zlatina