Ọ̀rọ̀ Tó Gbẹ̀yìn Lẹ́nu Màmá

Mọ́ńdè, 4 Fẹ́búárì 1974
A bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ibi tí mo ti ń la ẹja. Ìjọba ń ṣọ́ iná lò, òtútù mú kí a wọ kóòtù ṣeré. Eré àkọ́kọ́ tí mo kọ tí wọ́n máa ṣe ní Grimsby nìyí, ìlú tí wọ́n bí mi sí. Ìyàwó apẹja kan — ọkọ lọ, ó padà lẹ́yìn ọdún méje, ó ń kanlẹ̀kùn. Ìyàwó ò ṣí i. Ó ní: "Ilé tí o ń wá, mo ti kó kúrò níbẹ̀." Ó parí.
Màmá àti bàbá mi ni. Gbogbo àdúgbò mọ̀.

Tọ́sìdeè, 7 Fẹ́búárì
Alásọ-Ọrùn pè mí sẹ́yìn. Olùdarí wa ni — kì í bọ́ sikáàfù ọrùn ẹ̀, mo rò pé ó ń wọ̀ ọ́ wẹ̀ ni. Ó ní àwọn onífíìmù láti London á ra eré náà, bí ìyàwó bá ṣílẹ̀kùn, tó ní: "Wọlé, tíì ti gbóná."
Ó ní, "Ìyáàfin Thorley, àwọn èèyàn fẹ́ kára tù wọ́n kí wọ́n tó lọ wọ bọ́ọ̀sì."
Mo ní ara á tù wọ́n nínú bọ́ọ̀sì.
Mo ti ṣírò ẹ̀ ṣá. Owó yẹn á gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Màmá kúrò lẹ́yìnkùlé wá sínú ilé, mi ò sì ní la ẹja mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe mí báyìí rí. Ọmọbìnrin tó ń di ẹja sínú àpótí nínú eré mi kan tẹ́lẹ̀, wọ́n fún máníjà fẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi àtàwọn aládùúgbò jọ wò ó ni.
Ẹ̀ẹ̀kan tó.

Túsìdeè, 12 Fẹ́búárì
Àwọn òṣèré kì í sọ gbólóhùn ìkẹyìn eré ní ìdánrawò, títí di alẹ́ àkọ́kọ́. Èèwọ̀ wọn ni. Beryl Stamp, tó ń ṣe ìyàwó, á gbórí sókè, á panu dé, gbogbo wa á lọ mu tíì. Alásọ-Ọrùn ti fún un ní gbólóhùn tiẹ̀. Tèmi náà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bi í pé èwo ló fẹ́ sọ.
Ó ní, "Àbúrò, má bi mí. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti bà á jẹ́."

Fúráídeè, 15 Fẹ́búárì
Mo sọ fún Alásọ-Ọrùn pé rárá. Ó ní àwọn onífíìmù ń bọ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n á fi pinnu.

Wẹ́sídeè, 20 Fẹ́búárì
Màmá kọ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Ó fowó ara ẹ̀ ra tiẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa eré yìí láti ìgbà tí mo ti ń kọ ọ́.

Fúráídeè, 22 Fẹ́búárì
Alẹ́ àkọ́kọ́. Ọkọ kanlẹ̀kùn. Beryl gbórí sókè.
Gbólóhùn tèmi ló sọ.
Àwọn onífíìmù mú kóòtù wọn, wọ́n lọ. Alásọ-Ọrùn ní, "Ẹ ti ju owó sókun."
Mo ní, "Inú òkun náà la ti ń rówó níbí."

Sátidé, 23 Fẹ́búárì
Màmá ń po tíì láàárọ̀, ó kẹ̀yìn sí mi.
"Irọ́ lo pa mọ́ mi, Ivy. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo po tíì fún un, ó mu ún tán, ó tún lọ. Ìwọ ti sùn."
Ohun tí gbólóhùn Alásọ-Ọrùn sọ gan-an nìyẹn! Mo bi í bóyá kí n yí ìparí eré padà.
"Ta ló ní kí o yí i padà?" Ó ti ń wá pọ́ọ̀sì ẹ̀. "Ra tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ òní fún mi. Iwájú pátápátá. Mo fẹ́ tún gbọ́ ohun tí mo sọ."