Báńdéèjì Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta, 2024
Àlejò dé. Egbò kékeré kan, lójú ara tí tíṣà bíi tèmi ò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Yéè! Ìlọrin ló ti bá mi bọ̀ — ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà, oṣù tó kọjá. Mi ò ní kọ orúkọ ẹni yẹn síbí. Mobọ́lá ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́ láéláé.

Ọjọ́rú, 6
Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí Àlejò. Mo sáré yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta. Nehemiah, o ò gbọ́n rárá.

Ọjọ́bọ̀, 7
Kókó ti wú lábẹ́ itan ọ̀tún, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Mò ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n dé! Gbogbo Fìdítì ló mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá ní egbò, kókó á yọ lábẹ́ itan. Mo di báńdéèjì mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Mobọ́lá bèèrè, mo ní mo fẹsẹ̀ kọ òkúta ni. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Tóyọ̀sí.” Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó gbà á gbọ́!

Ọjọ́ Àìkú, 10
Díákónì Ọlájídé pè mí síwájú ìjọ, ó gbé ọwọ́ lé àtàǹpàkò náà, ó ń bá a wí kíkankíkan. Ìjọ ń ṣe àmín. Omi bọ́ lójú mi, wọ́n ní Ẹ̀mí ló bà lé mi. Ìtìjú ni o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Ara ò gbà á mọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlora, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí. Nọ́ọ̀sì Fatihah wò mí títí. Ó ní ẹsẹ̀ òsì lẹ dì, kókó yín wà lápá ọ̀tún, ṣé egbò yín fò kọjá ni? Mo jẹ́wọ́. Ó ní ó lè jẹ́ rẹ́kórẹ́kó, àrùn ìbálòpọ̀ kan tí kì í sábà dunni. Ó sì lè jẹ́ irú mìíràn tó máa ń ta roro. Àwọn á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kí n yé fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Abẹ́rẹ́ — háà! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ló dùn mí jù: kí n mú ìyàwó mi wá, kí wọ́n tọ́jú wa pọ̀.

Ọjọ́rú, 13
Mi ò lè sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo pinnu. Mo ti há gbogbo ọ̀rọ̀ sórí kí n tó délé. Mobọ́lá jókòó sórí àga, báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ òun náà. Ó ní òun fẹsẹ̀ kọ òkúta. Kò sì tíì jáde nílé láti àárọ̀.

Mo tú tèmi. Kò sí egbò. Ó pẹ́ kó tó tú tiẹ̀. Kò sí egbò níbẹ̀ náà.

A rẹ́rìn-ín títí a fi di ìhà mú. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ká báńdéèjì mi. Mò ń retí kó kọ́kọ́ sọ àṣírí tiẹ̀. Òun náà ń retí tèmi.